Wọ́n Ní Wárápá Ti Ràn Dókítà

Àwọn kan ní Ìtòkú ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní Sábó ni. Ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, kó tó dé Òwu, ó ti wé gèlè, ó ti tọ́ tìróò. Wọ́n ní dókítà obìnrin kékeré tó ń pín oògùn wárápá kiri Abẹ́òkúta, wárápá ti ràn án. Wọ́n ní fófòó ẹnu aláìsàn kan ló ta sí i lójú, ló bá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, tó ń hó lẹ́nu bí abọ́ ọṣẹ, tó sì ń sọ Látìnì. Ará Ìtòrì kan tiẹ̀ ní wọ́n ti sin ín, òun wà níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín ìsìnkú náà kò sì níyọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún 1979, òkú náà gbé báàgì kọ́ èjìká, ó yà sí ojúlé Àsíátù aláró ní Òwu. Àsíátù gan-an ni wárápá máa ń gbé ṣubú. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi okùn di aṣọ adìrẹ. Adéṣọlá ni orúkọ dókítà. Ó kàwé, ó sì máa ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀.

ADÉṢỌLÁ: Ẹ kú ilé o, Ìyá Mọ́nsúrù! Ẹ kú iṣẹ́ o!

ÀSÍÁTÙ: (ó fò dìde, ó gbé àpótí ìjókòó síwájú àyà) Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn!

ADÉṢỌLÁ: Kí ló dé, mà?

ÀSÍÁTÙ: Kò sí nǹkan kan. Ẹ káàbọ̀, Dókítà. Ẹ jókòó síta níbẹ̀. Atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀.

ADÉṢỌLÁ: Oòrùn ló pọ̀ níbí.

ÀSÍÁTÙ: Oòrùn náà dára. Ó máa ń pa kòkòrò.

ADÉṢỌLÁ: Kòkòrò wo? Ẹ gbé àpótí sílẹ̀, Ìyá Mọ́nsúrù, ẹ jẹ́ kí n wọlé kí n wo ojú yín.

ÀSÍÁTÙ: Ẹ máa wò ó láti ọ̀ọ́kán. Ojú mi tóbi. (ó rẹ ohùn sílẹ̀) A gbọ́ pé ó ti mú yín.

ADÉṢỌLÁ: Kí ló mú mi?

ÀSÍÁTÙ: Ohun tó mú mi.

ADÉṢỌLÁ: Wárápá? Èmi? Ìyá Mọ́nsúrù, ẹ̀yin gan-an lẹ ní wárápá! Ẹ̀yin lẹ wá ń sá fún mi?

ÀSÍÁTÙ: Ìdí tí mo fi ń sá nìyẹn. Mo ti ní tèmi, kí n wá gba tiyín kún un? Tèmi, ọmọ Òwu ni, a ti mọwọ́ ara wa. Tiyín ti lọ sí yunifásítì. Bó bá wọlé sí mi lára tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó gbé mi ṣubú, ta ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ọkọ mi?

ADÉṢỌLÁ: (ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra, kò rí i pa) Ẹ gbọ́. Mo ṣubú lóòótọ́.

ÀSÍÁTÙ: Ó jẹ́wọ́ o! Láìláà!

ADÉṢỌLÁ: Bàtà ni! Bàtà gáráńtì, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó báyìí. Tuntun ni. Mo ń wọ̀ ọ́ lọ, mo ń mu mínírà lọ, ẹsẹ̀ mi yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù, mo fi ìdí jókòó, mínírà gba imú mi jáde. Fófòó tí wọ́n rí nìyẹn.

ÀSÍÁTÙ: Mínírà wo?

ADÉṢỌLÁ: Ọlọ́sàn.

ÀSÍÁTÙ: Ọlọ́sàn kì í hó tó bẹ́ẹ̀.

ADÉṢỌLÁ: Mo mì ín kí n tó ṣí i.

ÀSÍÁTÙ: Kí ló dé tẹ́ ẹ mì ín? Ṣé àgbo ni?

ADÉṢỌLÁ: Ìyá Mọ́nsúrù!

ÀSÍÁTÙ: Látìnì tẹ́ ẹ sọ ńkọ́?

ADÉṢỌLÁ: “Yéè, ìdí mi” ni mo sọ!

ÀSÍÁTÙ: Wọ́n ní Látìnì ni. Ìyàwó kátíkíìsì wà níbẹ̀.

(Àsíátù wò ó láti orí délẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. Sálúbàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀ lónìí. Àsíátù gbé àpótí sílẹ̀, ó jókòó lé e, ó sì káwọ́ lérí.)

ÀSÍÁTÙ: Ẹ wọlé. Ẹ jókòó. Ẹ ti pa mí ná, kí n máa bá apààyàn jókòó pọ̀.

ADÉṢỌLÁ: Kí ni mo tún ṣe báyìí?

ÀSÍÁTÙ: Ṣé ẹ rí i, ìkòkò aró mi tó wà ní Ìtòkú, ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Sàfúrátù, ọ̀gá àwa aláró, ti ní kí n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ní bí fófòó ẹnu mi bá kán sínú aró, gbogbo ẹni tó bá kiwọ́ bọ ọ́ ni yóò máa ṣubú. Ó ní ẹni tó bá tiẹ̀ ra aṣọ náà, bó bá ti ń sán an mọ́dìí ni yóò máa ṣubú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó dáa, kí n mú dókítà mi wá lónìí lẹ́yìn ìrun Alásàárì, kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kì í ràn. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, kí n padà sídìí ìkòkò mi. Bí kò bá sọ ọ́, òun yóò gbé e fún ìyàwó ọmọ òun.

ADÉṢỌLÁ: Kò tán? Mo ti dé. Màá sọ ọ́.

ÀSÍÁTÙ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ń hó lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù? Ẹlẹ́rìí tí mo ní kó wá gbè mí ló di ẹ̀rí tí wọ́n fi máa dá mi lẹ́bi! Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yẹn, wálláhì, kò mọ ewé ẹlú tí a fi ń ṣe aró yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, yóò ti sè é jẹ.

ADÉṢỌLÁ: Ẹ fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàtà ni màá bá wọn sọ. Màá là wọ́n lóye. Èèyàn kì í bẹ̀rù ohun tó bá ti yé e. (ó dìde, ó ká apá aṣọ sókè bí tíṣà) Ẹ gbọ́ bí màá ṣe sọ ọ́. Inú ọpọlọ wa, iná mànàmáná wà níbẹ̀.

ÀSÍÁTÙ: Nínú orí?

ADÉṢỌLÁ: Nínú orí. Kékeré ni. Òun la fi ń ronú.

ÀSÍÁTÙ: Ta ló fà á wọbẹ̀? Láwàlì ọkọ mi ti ń tọrọ iná sínú ilé yìí kí irun tó hù ní àgbọ̀n Mọ́nsúrù, wọn ò fún un. Orí mi ti wá ní tiẹ̀?

ADÉṢỌLÁ: Ọlọ́run ló fi síbẹ̀, mà. Nígbà mìíràn, iná náà yóò kàn pọ̀ lápọ̀jù lójijì. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

ÀSÍÁTÙ: Áà! Bíi ti Ọlálẹ́yẹ tó ń tún wáyà ṣe lórí òrùlé ilé ìwé.

ADÉṢỌLÁ: Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti yé yín!

ÀSÍÁTÙ: Iná gbé e, ó ń gbọ̀n rìrì.

ADÉṢỌLÁ: Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

ÀSÍÁTÙ: Ẹnu rẹ̀ ń wá, ojú rẹ̀ yí.

ADÉṢỌLÁ: Ẹ rí i? Ẹ̀yin náà lè di dókítà!

ÀSÍÁTÙ: Àbúrò rẹ̀ dì í mú pé kí òun fà á kúrò níbẹ̀.

ADÉṢỌLÁ: Ẹ̀n-ẹ́n...

ÀSÍÁTÙ: Iná gbé àbúrò.

(Àkùkọ kan kọ lágbàlá, bí ẹni pé òun náà ń dúró de èsì.)

ADÉṢỌLÁ: Kì í ṣe... kì í ṣe irú iná yẹn.

ÀSÍÁTÙ: Ẹ lọ wí i ní Ìtòkú. Ẹ wí i bẹ́ẹ̀ gan-an fún Ìyá Sàfúrátù. Kò ní gba ìkòkò mi nìkan, yóò gba ilé mi kún un, yóò sì fi igi gbígbẹ tì mí jáde kí iná má baà gbé e.

ADÉṢỌLÁ: Àfiwé ni mo ṣe!

ÀSÍÁTÙ: Àfiwé yẹn ti gbé mi.

ADÉṢỌLÁ: (ó jókòó, ó nu òógùn) Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká gbé iná tì. Láti ìgbà tí mo ti rí yín kẹ́yìn, ẹ ti ṣubú?

ÀSÍÁTÙ: Rárá o. Àlùbáríkà, mi ò ṣubú.

ADÉṢỌLÁ: Ẹ ò ṣubú! Ọ̀rọ̀ ti dé. Ohun tí a máa fi hàn wọ́n nìyẹn, ara yín tó le. Ẹ gbé ìgò oògùn yín wá kí n wò ó.

ÀSÍÁTÙ: Ìgò?

ADÉṢỌLÁ: Ìgò.

ÀSÍÁTÙ: Ìgò wo?

ADÉṢỌLÁ: Ìgò tí mo fún yín, mà.

ÀSÍÁTÙ: Ẹ ò ní kọ́kọ́ mu omi? Omi àmù mi tutù gan-an. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wá epo sí iṣu sísun...

ADÉṢỌLÁ: Ìyá Mọ́nsúrù, ìgò.

(Àsíátù wọlé. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó fi ìborùn we ìgò náà bí ọmọ tuntun, ọrùn rẹ̀ nìkan ló yọ. Adéṣọlá tú ìborùn. Ó wo ìgò, ó wo Àsíátù, ó tún wo ìgò.)

ADÉṢỌLÁ: Àmì òṣùpá ló wà lára ìgò tí mo fún yín.

ÀSÍÁTÙ: Òṣùpá ti wọ̀.

ADÉṢỌLÁ: Ìràwọ̀ ló wà lára èyí!

ÀSÍÁTÙ: Bí òṣùpá bá ti wọ̀, ìràwọ̀ náà la máa ń rí.

ADÉṢỌLÁ: Ìgò ta nìyí?

ÀSÍÁTÙ: Ẹ má bínú, Dókítà mi. Orí mọ́ṣáláṣí kan náà ni òṣùpá àti ìràwọ̀ ń gbé, wọn ò bára wọn jà rí.

ADÉṢỌLÁ: Ìgò ta ni?

ÀSÍÁTÙ: Ti Jùbrílù.

ADÉṢỌLÁ: Jùbrílù tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn? Tí òun náà wà nínú ìwádìí wa?

ÀSÍÁTÙ: Òun náà. Ọmọlúwàbí ọmọ ni. Ẹ dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ kí i.

ADÉṢỌLÁ: (ó dìde, ohùn rẹ̀ ń gòkè) Mo ṣàlàyé fún gbogbo yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Baba oníṣègùn kan ní Ọ̀dẹdá ní àgbo òun ń wo wárápá. A ò ní irọ́ ló ń pa, a ò sì ní òótọ́ ni, à ń wádìí. Àwọn kan ń mu àgbo náà, àwọn kan ń mu omi tí a pa láwọ̀ tí a sì mú kó korò. Òṣùpá wà lára ọ̀kan, ìràwọ̀ wà lára èkejì. Gbogbo yín ń lo oògùn oníhóró yín bó ti yẹ. Ẹnì kankan nínú yín kò sì gbọdọ̀ mọ èyí tó jẹ́ àgbo. Èmi alára ò gbọdọ̀ mọ̀! Ọ̀gá wa n’Íbàdàn nìkan ló mọ̀. Ẹ ní ó yé yín. Ẹ tiẹ̀ pàtẹ́wọ́!

ÀSÍÁTÙ: Ojú ló tì mí tí mo fi pàtẹ́wọ́. Àmọ́ mi ò rí oorun sùn. Ẹni tó ń bu ọbẹ̀ fún mi ní òun ò mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ni àbí omi ìfọwọ́! Ṣé wọ́n ń fi ìyẹn sọ́kàn sùn?

ADÉṢỌLÁ: Ẹ wá tọ́ ọ wò.

ÀSÍÁTÙ: Kí ni mo fẹ́ tọ́ wò níbẹ̀? Méjèèjì korò bí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi dán an wò. Mo ya aṣọ funfun sí méjì. Mo rẹ ọ̀kan sínú tèmi, mo ní kí Jùbrílù dà díẹ̀ fún mi nínú tiẹ̀, mo rẹ èkejì sí i. Mo sá wọn, wọ́n gbẹ, mo fọ̀ wọ́n. Tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú kan omi báyìí, gbogbo àwọ̀ rẹ̀ bá omi lọ. Ti Jùbrílù? Mo fọ̀ ọ́, mo gún un, mo lù ú mọ́ òkúta, kò yẹsẹ̀! Mo ní ẹ̀hẹ́n. Oògùn tí kò lè mú aṣọ, ṣé àìsàn ni yóò mú? Ẹ dúró, mo fi aṣọ méjèèjì pamọ́, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín...

ADÉṢỌLÁ: (ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí) Ẹ má fi hàn mí! Ẹ má sọ ọ́! Mi ò gbọdọ̀ mọ̀!

ÀSÍÁTÙ: Ó wà lábẹ́ ẹní níbí.

ADÉṢỌLÁ: (ó di ojú, etí rẹ̀ wá ṣí, ó yára di etí, ojú rẹ̀ ṣí) Ìyá Mọ́nsúrù, ẹ ṣàánú mi!

ÀSÍÁTÙ: Dókítà tí kò fẹ́ mọ̀! Mo ti dàgbà o, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ yíjú síbí.

ADÉṢỌLÁ: (ó kọjú sí ògiri) Jùbrílù ńkọ́? Báwo lẹ ṣe gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀?

ÀSÍÁTÙ: Mo ní òṣùpá ga ju ìràwọ̀ lọ, àti pé ọkùnrin ni òṣùpá yẹ. Inú rẹ̀ dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ṣàdúrà gígùn fún mi, Dókítà. Àdúrà yẹn ló ń dùn mí nínú egungun títí di òní.

ADÉṢỌLÁ: (ó ṣì kọjú sí ògiri, ó ń dá sọ̀rọ̀) Oògùn tó mú aṣọ... Ta ló sọ fún yín pé oògùn ń mú aṣọ? Ìṣojú mi ni wọ́n ti se àgbo yẹn. Aṣọ funfun ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi ṣàn án báyìí, yóò mọ́ tónítóní. Àwọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n rà á nínú agolo ni, òun ló ta sí kóòtù mi tí kò lọ títí di...

(Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.)

ÀSÍÁTÙ: Èyí tó mú aṣọ ni omi.

ADÉṢỌLÁ: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!

ÀSÍÁTÙ: Mo kó àgbo fún Jùbrílù, mo gba omi agolo!

ADÉṢỌLÁ: Mi ò sọ ọ́!

ÀSÍÁTÙ: Mo purọ́, mo gbàdúrà ọmọ ọlọ́mọ, mo wá fi gbogbo ẹ̀ gba omi! Súbúhánálláì!

ADÉṢỌLÁ: Mo ti mọ̀! Mi ò gbọdọ̀ mọ̀, mo sì ti mọ̀! Kí ni màá sọ n’Íbàdàn?

(Àwọn méjèèjì káwọ́ lérí, wọ́n ń yí ká ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníkálukú ń sunkún tirẹ̀. Bí wọ́n ti pàdé láàárín, Àsíátù dúró.)

ÀSÍÁTÙ: Ẹ dúró ná. Omi ni mò ń mu. Kí ló dé tí mi ò ṣubú?

ADÉṢỌLÁ: Ẹ ń lo oògùn oníhóró yín?

ÀSÍÁTÙ: Ní báyìí? Alaalẹ́ ni. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fò ó.

ADÉṢỌLÁ: Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fò ó?

ÀSÍÁTÙ: Mo rò pé òun àti àgbo yóò máa jowú ara wọn nínú mi. Ìgbà tí mo wá gba ti Jùbrílù, mo ní èyí tó le tó báyìí, tí mo lù mọ́ òkúta tí kò yẹsẹ̀, kí ni hóró kékeré lè fi ṣe? Mo wá ń lo méjèèjì.

ADÉṢỌLÁ: Ó lè jẹ́ hóró náà ló ń ràn yín lọ́wọ́ nìyẹn. Jùbrílù ńkọ́?

ÀSÍÁTÙ: Òun náà ò ṣubú.

ADÉṢỌLÁ: Kí ni òun ń lò?

ÀSÍÁTÙ: Àgbo, hóró, àti ìgbéraga pé òṣùpá ni òun.

ADÉṢỌLÁ: Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló wá ṣiṣẹ́?

ÀSÍÁTÙ: Ẹ̀yin lẹ lọ sí yunifásítì.

ADÉṢỌLÁ: Ohun tí mo fẹ́ wádìí gan-an nìyẹn, ohun tẹ́ ẹ sì bà jẹ́ nìyẹn. Ẹnì kan mu, ara rẹ̀ le. Ẹnì kan kò mu, ara rẹ̀ le. Bí a bá kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ tí kò sẹ́ni tó mọ tirẹ̀, ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá àgbo náà ń ṣe nǹkan kan tàbí ẹnu lásán ni.

(Àsíátù mú okùn adìrẹ kan, ó ń tú u, ó ń so ó.)

ÀSÍÁTÙ: (jẹ́jẹ́) Ẹ ó lé mi, àbí?

ADÉṢỌLÁ: Màá jẹ́ kí wọ́n mọ̀ n’Íbàdàn pé ẹ ṣe pàṣípààrọ̀. Màá sì sọ pé èmi náà fẹnu ara mi tú àṣírí. Wọn ò ní ka ẹ̀yin àti Jùbrílù mọ́ èsì mọ́. Àmọ́ ẹ ó máa rí hóró yín gbà, màá sì máa wá.

ÀSÍÁTÙ: Ẹ ó ro ẹjọ́ ara yín mọ́ra yín lẹ́sẹ̀? Kò sẹ́ni tó rí yín! Èmi nìkan ni mo gbọ́, mo sì lè dití.

ADÉṢỌLÁ: Ìwádìí tí a bá ti bu irọ́ sí, omi agolo náà ni, mà. Kì í mú ẹnikẹ́ni lára dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dá òṣùpá padà fún... ẹ lọ sọ òótọ́ fún Jùbrílù.

ÀSÍÁTÙ: Màá gbé aṣọ kan dání. Ó máa nílò ohun tó máa fi nu ẹ̀rín, tàbí ohun tó máa fi nà mí.

(Ohùn ládàánì dún láti mọ́ṣáláṣí: ìrun Alásàárì. Àsíátù gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.)

ÀSÍÁTÙ: Ìkòkò mi! Dókítà, wọ́n ń dúró dè wá. Kí la máa sọ? A ò lè sọ pé oògùn ti wò mí, ẹ̀yin náà ò mọ̀. A ò lè sọ ti iná. Bàtà yín ò sì ṣeé gbé wá sílé ẹjọ́.

ADÉṢỌLÁ: Ẹ jẹ́ ká fi dánra wò. (ó fa ìborùn ara ìgò, ó fi wé gèlè gogoro, ó ti ìdí sẹ́yìn, ó fún ohùn pọ̀) Àsíátù! Èmi ni Ìyá Sàfúrátù! Kí lo bá wá?

ÀSÍÁTÙ: (ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀) Ìdí rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ADÉṢỌLÁ: (ó fẹ ìdí sí i) Mo ní kí lo bá wá?

ÀSÍÁTÙ: Ìkòkò mi ni mo bá wá, mà.

ADÉṢỌLÁ: Bó o bá ṣubú sínú aró ńkọ́?

ÀSÍÁTÙ: Ó... Dókítà, ìyẹn le o.

ADÉṢỌLÁ: (lóhùn ara rẹ̀) Òótọ́ nìyẹn ní tirẹ̀, kò sì yẹ ká bò ó. Ẹ ò ní dá wà nídìí aró, ẹ ó máa jókòó ṣiṣẹ́, ẹ ò sì ní sún mọ́ iná títí ó fi máa pẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣubú. Èmi fúnra mi ni màá sọ ìyẹn fún wọn.

ÀSÍÁTÙ: Títílọlá àbúrò mi á máa jókòó tì mí. Ó máa ń sọ̀rọ̀ jù, mi ò ní rí àyè ṣubú.

ADÉṢỌLÁ: (ó padà sí ohùn Ìyá Sàfúrátù) Fófòó ẹnu rẹ wá ńkọ́? Ta ló fọwọ́ kàn án rí tí kò ràn án?

ÀSÍÁTÙ: Dókítà.

ADÉṢỌLÁ: Dókítà tó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù? Tó ń sọ Látìnì?

ÀSÍÁTÙ: Bàtà ló wọ̀, mà...

ADÉṢỌLÁ: Ẹ̀tàn! Mú ẹlòmíràn wá!

ÀSÍÁTÙ: Ọlọ́run Ọba.

ADÉṢỌLÁ: Ọlọ́run kì í bá wa kiwọ́ bọ aró. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni mo ní kó o mú wá!

(Àsíátù wo ilẹ̀.)

ÀSÍÁTÙ: Kò sí. Bí mo bá ti ṣubú ní Ìtòkú, gbogbo èèyàn ló máa ń sá. Wọn kì í padà títí n ó fi dìde fúnra mi.

(Adéṣọlá tú gèlè ìborùn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí ẹní.)

ADÉṢỌLÁ: Nílé ńkọ́, mà? Bẹ́ ẹ bá ṣubú nínú ilé yìí, ta ló máa ń gbé yín?

ÀSÍÁTÙ: Ta ni ìbá tún jẹ́? Láwàlì ni.

ADÉṢỌLÁ: Ta ló ń nu ẹnu yín?

ÀSÍÁTÙ: Láwàlì náà ni. Apá bùbá rẹ̀ ló sì fi ń nù ún, kì í wá àkísà. Èmi náà ni n ó tún fọ bùbá.

ADÉṢỌLÁ: Láti ìgbà wo?

ÀSÍÁTÙ: Láti ìgbà tó ti gbé mi níyàwó. Mọ́nsúrù tó ti ń wa lọ́rì báyìí ò tíì délé ayé nígbà náà.

ADÉṢỌLÁ: (ó dìde díẹ̀díẹ̀, ó tún ti ìdí sẹ́yìn, ó fún ohùn pọ̀) Láwàlì ọ̀hún tó ti ń nu fófòó rẹ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́, Àsíátù? Ó ti ṣubú rí?

ÀSÍÁTÙ: Láwàlì? Kò ṣubú rí láyé rẹ̀, àfi lórí kẹ̀kẹ́.